Ẹ̀gbọ́n, Fíìmù Wo Ni Ká Wò? Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Àbújá

Bí mo bá lọ síbi ìkómọjáde ní Karu, wọ́n á bi mí. Bí mo bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kubwa, wọ́n á bi mí. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa ọmọ ìlú kan náà, ṣe ni wọ́n máa ń fi àwòrán fíìmù ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá òru: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí dáa?" Mo ti kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Ìdáhùn mi kì í gùn, àfi níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà.

Kí lẹ fi ń mọ fíìmù tó dáa?

Etí ni. Ojú rọrùn láti tàn jẹ lásìkò yìí. Kámẹ́rà tó mọ́ ti pọ̀ nílẹ̀, drone ń fò lórí òkè, aṣọ òfì ń dán, wọ́n á kó ẹṣin jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹni tó ń wò ó á ní, "Áà, wọ́n náwó o!" Owó kọ́ ni mo wá wò. Bí fíìmù bá ti lọ díẹ̀, mo máa ń di ojú kí n lè gbọ́ ọ. Tí mo bá ṣì mọ ẹni tó jẹ́ àgbà níbẹ̀, ẹni tó ń purọ́ àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà, á jẹ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹnu ló ń dún bákan náà, tí dùùrù wá ń ké lé wọn lórí kí n lè mọ̀ pé ó yẹ kí n sunkún, mo ti mọ ibi tí wọ́n ń gbé wa lọ. Àwọn aṣefíìmù wa ti mọ àwòrán yà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kù.

Ṣé ẹ máa ń fún fíìmù ní ìràwọ̀, bíi márùn-ún nínú márùn-ún?

Rárá. Ìdájọ́ mẹ́ta ni mo ní. "Ẹ wò ó lónìí": ó tó ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ fara da gosiló Nyanya. "Ẹ wò ó tí ọwọ́ bá dilẹ̀": kò burú, àmọ́ kò yẹ kó mú oorun kúrò lójú yín. "Ẹ fi sílẹ̀": ẹ gbọ́ mi.

Fíìmù ayé àtijọ́ ti pọ̀ jù. Aníkúlápó, Jagun Jagun, House of Ga'a, Lísàbí. Èwo ni ká kọ́kọ́ wò?

Aníkúlápó (2022) ni. Kúnlé Afọláyan gbé wa lọ sí Ọ̀yọ́ àtijọ́. Sàró, ahunṣọ tí kò ní kọ́bọ̀, wọ ìlú. Awarun, obìnrin olówó kan, gbà á sílé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọkùnrin náà ti lọ fẹ́ràn Arọ́lákẹ́, olorì ọba. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ló ṣe Awarun. Ẹ bá mi fetí sí obìnrin yẹn. Kì í pariwo. Bó bá rán ọmọkùnrin náà níṣẹ́ lásán, ẹ máa gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé òun ló ni ilé, òun ló ni oúnjẹ, ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ náà sì ti ń di tòun. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Wuse máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn gẹ́lẹ́. Ìdajì ìkejì fíìmù náà kò lágbára tó ti àkọ́kọ́. Nígbà tí Sàró ti di olówó tó sì ti kó ìyàwó jọ, ìjà orogún tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti fíìmù àgbéléwò tí a ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀, ẹ wò ó lónìí. Èyí tí wọ́n ṣe ní apá-apá tẹ̀ lé e ní 2024, tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni; ó gùn ju ìtàn tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Jagun Jagun (2023) ni èkejì. Gbọ́tija, ọmọkùnrin tó ń bá igi sọ̀rọ̀, wọ àgọ́ ogun Ògúndìjì láti kọ́ṣẹ́ jagunjagun. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ni Ògúndìjì, Lateef Adédìmèjì ni Gbọ́tija. Ìjà inú rẹ̀ mọ́ra. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ọfọ̀. Ọfọ̀ ní èémí tirẹ̀: a máa sọ, a máa dákẹ́, a máa jẹ́ kó balẹ̀ ká tó sọ òmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa báyìí, ṣe ni wọ́n ń sáré pè é pẹ̀lú ìlù lábẹ́ àti mànàmáná kọ̀ǹpútà lókè, tí ẹ kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣépè fúnra wọn. Jagun Jagun jẹ̀bi èyí níbi mélòó kan, àmọ́ àwọn ibì kan wà tó fi ẹnu sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó lónìí, kí ẹ yí ohùn rẹ̀ sókè.

House of Ga'a (2024) ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Ìtàn náà wúwo: láti 1754 ni Baṣọ̀run Gáà ti gba Ọ̀yọ́ mọ́ Aláàfin lọ́wọ́, tó ń yan ọba tó sì ń lé ọba sípò ikú, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ogún ọdún ìkà. Wọ́n wá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú bíi wákàtí méjì. Kí ẹ tó mọ orúkọ ọba kan, ó ti kú. Fẹ́mi Branch gbé Gáà dáadáa, ojú rẹ̀ nìkan tó dẹ́rù bani. Àmọ́ ẹni tó bá ti ka eré onítàn Adébáyọ̀ Fálétí lórí Gáà kan náà, tó jáde ní 1972, mọ bí ẹnu ìkà ṣe ń dùn. Gáà ti Fálétí máa ń fi ọ̀rọ̀ tó dára gan-an hùwà tó burú gan-an. Ìyẹn ló ń mú kí ara èèyàn bù máṣọ. Fíìmù yìí ju ìyẹn nù, ó gbé idà dání. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Lísàbí: The Uprising (2024) náà, tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu nípa Lísàbí ni pé àáró ló fi kó Ẹ̀gbá jọ. Àwọn àgbẹ̀ ń bá ara wọn roko lọ́kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó lé àwọn aṣojú Ọ̀yọ́ kúrò nílẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ abẹ́ igi ni, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èmi ì bá fẹ́ gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn ju idà tó ń kọlu idà lọ.

Àwọn kan ní Ẹlẹ́ṣin Ọba kò yé àwọn, wọ́n sùn lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?

Mi ò sùn. Èmi gbà pé nínú gbogbo fíìmù Yorùbá ọdún mẹ́wàá yìí, òun ló bọ̀wọ̀ fún etí jù.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó darí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwa ará òkè ọya ni. Kafanchan, ní Kàdúná, ni wọ́n bí Bíyì Bándélé sí ní 1967, láti ọ̀dọ̀ òbí tó jẹ́ Yorùbá. Ọmọ tó dàgbà láàrin Háúsá ni, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa níbí. Ó kú ní oṣù kẹjọ 2022. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi fíìmù náà hàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Toronto.

Eré Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní 1975 ni wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ọ́, Bándélé wá gbé e padà sí ẹnu àwọn tó ni ín. Ọba ti wàjà, Ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ kú tẹ̀ lé e, ó jáde sọ́jà, ó rí ọmọbìnrin kan, ó ní òun fẹ́ ẹ kí òun tó lọ. Ọdúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin. Mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ ni gbogbo yín fi ń fi ẹ̀rín ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ìran ọjà yẹn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, ó tún padà sórí ọ̀rọ̀, ẹ kò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti dópin. Shaffy Bello, tó ṣe Ìyálọ́jà, ló wá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó bá Ẹlẹ́ṣin nínú àhámọ́, tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kò bú u bí wọ́n ṣe ń búni. Ó ń bi í ní ìbéèrè ni, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ìyá tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ fún un. Ẹnu ọkùnrin tó ti ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù kú pátápátá.

Àléébù rẹ̀? Àwọn òyìnbó inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé jáde. Ẹ fara dà á. Ẹ wò ó lónìí, kí ẹ sì pe bàbá yín tàbí ìyá yín jókòó tì yín.

Ọmọ mi wo The Woman King, ó wá bi mí bóyá àwọn ará Ọ̀yọ́ burú tó bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ sọ fún un pé wọn kì í ṣe ańgẹ́lì, àmọ́ àwọn tó ń bá wọn jà náà kì í ṣe ańgẹ́lì. Òótọ́ ni pé Ọ̀yọ́ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dahomey, ìjọba tí fíìmù náà dá lé lórí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òótọ́ sì ni pé nǹkan bí 1823 ni Gezo, ọba Dahomey, kọ̀, tó ní òun kò san mọ́. Ibi tí fíìmù náà ti fi epo sọ́rọ̀ ni òwò ẹrú. Ó ṣe é bí ẹni pé Gezo fẹ́ fi í sílẹ̀ nígbà náà. Kò fi í sílẹ̀; àwọn ọdún 1850 ni ọkọ̀ ogun òyìnbó tó fi agbára mú un tọwọ́ bọ ìwé. Viola Davis dára, ìjà rẹ̀ le, Jimmy Odukoya tiwa ló ṣe ọ̀gágun Ọ̀yọ́. Ní ti etí, Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí wọ́n rò pé Áfíríkà ń sọ ni gbogbo wọn ń sọ. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, kí òbí wà níbẹ̀.

Bọ̀dá, ẹ má jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun mọ́. Ẹ̀rín ni mo fẹ́.

A Tribe Called Judah (2023), ti Fúnkẹ́ Akíndélé. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Ìyá kan, ọmọkùnrin márùn-ún, bàbá márùn-ún, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá ṣàìsàn, owó kò sí, àwọn ọmọ ní àwọn máa jalè. Ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá púpọ̀ ní Mararaba mọ bí ilé yẹn ṣe ń dún: ẹnìkan ń fi Ìgbò ráhùn, òmíràn ń fi Háúsá dáhùn, ìyá ń fi Yorùbá ṣépè fún gbogbo wọn. Uzee Usman ló ṣe Adamu, Háúsá ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ Háúsá. Kì í ṣe "ranka dede" tí wọ́n máa ń fi sẹ́nu mẹ́gáàdì nínú fíìmù Èkó kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó lónìí.

Everybody Loves Jenifa (2024) pa owó jù ú lọ. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Jénífà ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ àlejò ti pọ̀ jù nílé rẹ̀.

Ti ìbọn àti ọ̀daràn ńkọ́?

The Black Book (2023): ẹ wò ó lónìí, nítorí Richard Mofe-Damijo. Ọkùnrin tó ti pààyàn rí, tó di díákónì, tí wọ́n wá pa ọmọ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ débi pé ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn gan-an á rẹ ohùn sílẹ̀.

Gangs of Lagos (2023): ọ̀rọ̀ ìgboro Ìsàlẹ̀ Èkó inú rẹ̀ gbóná, ó dà bíi pé èèyàn wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbé aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ apànìyàn, inú sì bí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn. Mo wà lẹ́yìn wọn. Aṣọ tí ìlú fi ń ṣẹ̀yẹ àgbà tó kú kì í ṣe aṣọ téèyàn kàn mú nítorí pé ó funfun tó sì bo ojú. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé fún àwọn tí kì í ṣe Yorùbá tí wọ́n bá yín wò ó.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mi ò fẹ́ ariwo. Ṣé fíìmù kankan wà fún irú wa?

Méjì, ìyá mi. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ wò lónìí.

Breath of Life (2023), ti BB Sasore. Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀. Wálé Ojo jẹ́ àlùfáà tó pàdánù ìyàwó àti ọmọ, tó sì bá Ọlọ́run yan odì. Chimezie Imo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ìránṣẹ́ tó fẹ́ di àlùfáà. Fíìmù náà ló gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù ní AMVCA 2024, ètò ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà. Ó máa ń dákẹ́. Ẹ máa gbọ́ mímí ọmọ yẹn, nítorí pé ikọ́ fée ń bá a jà, mímí yẹn sì sọ ju ìwàásù lọ.

My Father's Shadow (2025) ni èkejì, ti Akínọlá Davies. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ àwọn tí àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé yàn fúnra wọn. Bàbá kan kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjì lọ sí Èkó ní oṣù kẹfà 1993, wọ́n lo ọjọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dìbò fún Abíọ́lá mọ oṣù yẹn. Fíìmù náà kò ṣàlàyé òṣèlú fún yín. Ọmọdé ni ó ń wo nǹkan: ó rí i pé àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ lórí wọn, wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí sójà bá kọjá, bàbá ń fi Yorùbá díẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ bí àwọn bàbá ìgbà yẹn ṣe ń ṣe. Sope Dirisu ni bàbá. Ìgbà tí wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé ìbò náà, ẹ má wo ẹni tó ń kéde, ojú bàbá ni kí ẹ wò. Mo rí àwọn bàbá méjì nínú sinimá tí wọn kò dìde lẹ́yìn tí iná tàn. Aṣọ́nà ló wá rọra sọ fún wọn pé ó ti tán.

Fíìmù tó ń dẹ́rù bani?

Sinners (2025), ti Ryan Coogler. Mississippi, 1932. Ìbejì ni ó wà níbẹ̀, Smoke àti Stack, Michael B. Jordan ló sì ṣe Táíwò àti Kẹ́hìndé pọ̀. Wọ́n ṣí ilé ijó, amùjẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ máa bẹ̀rù, àmọ́ kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo fi ní kí ẹ wò ó. Ìran kan wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ta gìtá, tó ń kọrin, orin náà wá ya ògiri láàrin àwọn tó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí: onílù ilẹ̀ Áfíríkà wọlé, àwọn ọmọ ìsìnyí wọlé, gbogbo wọn jó pọ̀ nínú yàrá kan. Ó yẹ kí onílù bàtá kọ̀ọ̀kan rí i. Wùnmí Mosaku tó ṣe Annie, ìyàwó Smoke, Zaria ni wọ́n bí i sí. Òun ló mọ ewé, òun ló mọ ohun tí a fi ń dáàbò bo ilé, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń sebẹ̀. Ẹ wò ó lónìí, ní sinimá bí wọ́n bá tún gbé e padà wá.

Juju Stories (2021): ìtàn mẹ́ta. Ti àárín ni mo fẹ́ràn, ẹni tó mú owó nílẹ̀ tó di iṣu. Ìyá gbogbo wa ló ti fi ìyẹn dẹ́rù bà wá rí.

Kí ló dé tí Mami Wata fi jẹ́ dúdú àti funfun? Ṣé owó tán ni?

Owó kọ́. C.J. Obasi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, Lílis Soares tó ya àwòrán rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn fún un ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà ní 2023. Ara dúdú lójú òkun lóru, ẹfun lójú, owó ẹyọ nínú irun. Ẹ kò ní rántí àwọ̀ mìíràn. Òun nìkan ni mo máa yọ̀ǹda pé kí ojú ṣáájú etí. Ẹ wò ó lónìí, kí ẹ pa iná yàrá.

Sabon Gari ní Kánò ni mo ń gbé. Mi ò gbọ́ Háúsá tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n máa wo Kannywood?

Ẹ máa wò ó, Háúsá yín á sì dáa sí i. Eré apá-apá bíi Labarina àti Izzar So ló gbòde, YouTube ni wọ́n sì ń wò ó. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ bí àna ṣe ń bá àna sọ̀rọ̀: ojú nílẹ̀, ohùn nílẹ̀, ìbínú wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pariwo. Àwọn kan ní àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Kánò, tó ti wà láti 2001, ló dè wọ́n lọ́wọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá dè lọ́wọ́ máa ń kọ́ bí a ṣe ń fi ojú sọ̀rọ̀. Orin àti ijó àárín rẹ̀ ni mo máa ń fò.

Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀kan tó wúwo, ẹ wá The Milkmaid (2020), ti Desmond Ovbiagele. Ọmọ ìyá méjì, àwọn agbébọn kó wọn lọ. Taraba ni wọ́n ti yà á, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù nílẹ̀ wa gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò, síbẹ̀ òun ni Nàìjíríà fi ránṣẹ́ síbi ẹ̀bùn Oscar. Ẹ wò ó lónìí. Ẹ má wò ó nígbà tí ẹ fẹ́ jẹun.

The Herd ńkọ́? Ìjà ti pọ̀ lórí rẹ̀ ní ibi iṣẹ́ wa.

Mo mọ̀. Daniel Etim Effiong ló darí rẹ̀, 2025. Àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé tó farapamọ́ sáàárín màlúù. Àwọn kan ní òkè ọya níbí ní ó ba orúkọ Fúlàní jẹ́. Àwọn mìíràn ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èmi rí i pé kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo ló burú nínú rẹ̀, ẹni tó bá wò ó dé òpin á mọ̀. Ìran ọ̀nà yẹn bà mí lẹ́rù gan-an, ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú ìbọn ni wọ́n fi ṣe é. Ìdájọ́ mi: ẹ wò ó lónìí, àfi bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò ọ̀nà Kàdúná lọ́la.

Ìtàn gidi, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́?

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti (2024), ti Bọ́láńlé Austen-Peters. Kẹ́hìndé Bánkọ́lé ló ṣe é nígbà tí agbára ṣì wà, Jọkẹ́ Silva nígbà àgbà. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tó kọ̀ láti san owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ibi tí àwọn obìnrin ti kóra jọ tí wọ́n ń kọrin ló dáa jù, nítorí pé orin ni ohun ìjà wọn lóòótọ́. Ìyókù dà bí ìwé kíláàsì. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ ìtàn, ẹ wò ó lónìí.

Àwọn ọmọ wa, ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá?

Iwájú (2024). Kátúùnù ni, Èkó ọjọ́ iwájú, ọkọ̀ ń fò, alágbàtà ṣì ń ta nǹkan lójú ọ̀nà. Alángbá inú rẹ̀ ni ọmọ yín máa fẹ́ kí ẹ rà fún un. Ẹ wò ó lónìí. Fún àwọn yòókù, ẹ máa wo àmì tí NFVCB, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù nílẹ̀ wa, fi sí fíìmù kí ẹ tó rà tíkẹ́ẹ̀tì: G wà fún gbogbo èèyàn, PG ní kí òbí wà níbẹ̀, 12, 15 àti 18 ni ọjọ́ orí. Mo ń rí ọmọ ọdún mẹ́jọ nínú fíìmù 18 ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lú gúgúrú lọ́wọ́.

Ti YouTube ni àwa ń wò ní tiwa. Kò sówó Netflix.

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn òṣèré tó dáa ń bẹ níbẹ̀, iṣẹ́ tó dáa sì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń yà wọ́n: bí àwòrán ìta rẹ̀ bá ní ẹni mẹ́ta tó ń la ẹnu, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí wọ́n ṣì ń kí ara wọn ní pálọ̀ kan náà, lórí àga kan náà, ẹ fi sílẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá wọlé tó sì ti ń pariwo kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ibo ni ká ti wò ó ní Àbújá?

Jabi Lake wà, Silverbird tó wà ní àárín ìlú wà. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, èrò kì í pọ̀. Ẹ mú súẹ́tà dání. Gbọ̀ngàn sinimá kan wà tí mi ò ní dárúkọ, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tútù rẹ̀ ń dún ju òṣèré lọ. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n ní kí n jókòó sí iwájú.

Ṣé àwọn aṣefíìmù máa ń fún yín lówó?

Ẹnìkan fún mi ní súyà rí. Mo jẹ ẹ́, mo sì ní kí ẹ fi fíìmù rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ti ya fíìmù kékeré kan ní Lugbe. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó?

Ẹ fi ránṣẹ́. Àmọ́ bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níbì kankan, ẹ kọ́kọ́ pe òṣèré yẹn padà, kó tún un sọ nínú yàrá tí ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀. Owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ná yín. Bó bá sì jẹ́ orin olórin ni ẹ mú láìgbàṣẹ, ẹ yọ ọ́ kí wọ́n tó bá yín yọ ọ́.

Ẹ ò dárúkọ fíìmù Íńdíà kankan!

Òkè ọya la wà, ta ni kì í wo Íńdíà? RRR (2022). Ẹ wò ó lónìí. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta, ẹ se oúnjẹ sílẹ̀.